Ojú Laptop: Ṣé 12.5, 13.3, 14, 15.6, 16 àbí 17.3 Ló Bá Yín Mu?

Ẹni tó bá wọ Computer Village n'Íkẹjà láti ra laptop, ìbéèrè tí ọlọ́jà sábà máa ń kọ́kọ́ bi í ni pé, "Íńṣì mélòó lẹ fẹ́?" Ọ̀pọ̀ wa á dáhùn pé 15.6, torí a ti gbà lọ́kàn pé ojú tó bá fẹ̀ ló dára. Èmi náà ti dáhùn bẹ́ẹ̀ rí. Iṣẹ́ mi ni kí n máa ka ìwé Yorùbá tí àwọn òǹkọ̀wé tẹ̀, kí n tún àmì ohùn tò, kí n wo ibi tí àmì ìsàlẹ̀ ẹ, ọ àti ṣ ti sá lọ. Mo ra laptop tòkunbọ̀ oní-15.6 kí ojú mi lè sinmi. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí mo ti jẹ́ kí "oko" kọjá níbi tó yẹ kó jẹ́ "ọkọ" nínú ìwé oníwèé, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Bóyá àmì wà níbẹ̀ ni o, bóyá kò sí ni o, ojú laptop náà kò fi hàn mí. Nígbà tí mo gbé iṣẹ́ kan náà sórí laptop oní-14 ti àbúrò mi, gbogbo àmì yọ kedere bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣóńṣó bírò tò ó.

Láti ìgbà náà, ojú ni mo máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò lára laptop kí n tó bèèrè ohunkóhun mìíràn, mo sì ti bá ọ̀rẹ́ àti mọ̀lẹ́bí yan tiwọn. Íńṣì kì í sọ bí ojú laptop ṣe dára tó. Bó ṣe gùn tó láti igun òkè lápá kan dé igun ìsàlẹ̀ lápá kejì nìkan ló ń sọ. Nítorí náà, kí a tó mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n.

Ohun tó yẹ kí ẹ fi wọ̀n wọ́n

Pixel ló ṣáájú. Pixel ni ẹyọ ìmọ́lẹ̀ tíntìntín tó kóra jọ di gbogbo ohun tí à ń rí lójú kọ̀ǹpútà. Ojú tí wọ́n ń pè ní HD lára laptop ní 1366 ní ìbú àti 768 ní òró. Gbogbo rẹ̀ lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù kan. Èyí tí wọ́n ń pè ní Full HD ní 1920 ní ìbú àti 1080 ní òró, ìyẹn mílíọ̀nù méjì ó lé díẹ̀. Ẹ fi aṣọ òfì wò ó. Bí ahunṣọ bá mú ìwọ̀n òwú kan hun aṣọ tóóró, aṣọ náà á ki, á dì. Bó bá na òwú yẹn kan náà láti fi hun aṣọ tó fẹ̀, á fẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹ ó máa rí ìmọ́lẹ̀ láàárín fọ́nrán òwú. Bí HD ṣe rí lójú 15.6 nìyẹn: pixel bí 100 péré ló bọ́ sínú íńṣì kan. HD yẹn kan náà lójú 12.5 jẹ́ 125. Full HD lójú 15.6 jẹ́ 141, lójú 14 ó jẹ́ 157, lójú 13.3 ó súnmọ́ 166.

Fún ẹni tó ń ka Yorùbá, ọ̀rọ̀ yìí kọjá ẹwà. Bí a bá tẹ ọ̀rọ̀ ní ìwọ̀n 11 lójú HD, àmì ìsàlẹ̀ ọ kì í fi bẹ́ẹ̀ ju pixel kan tàbí méjì lọ. Tí àmì ohùn bá tún wà lórí rẹ̀, tòkè á lẹ̀ mọ́ lẹ́tà lókè, tìsàlẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ọn nísàlẹ̀, lẹ́tà náà á wá dà bí ohun tí tàdáwà ta sí. Fún ìwé kíkà, mo fẹ́ 140 sókè nínú íńṣì kan. Mo lè fara mọ́ 125. Ohun tó bá kéré sí ìyẹn, mi ò ní fi owó mi rà á mọ́.

Lẹ́yìn pixel ni ẹ̀yà ojú. Mẹ́ta ló pọ̀ jù lọ́jà: TN, IPS àti OLED. TN ni owó rẹ̀ rọ̀ jù. Bí ẹ bá jókòó gan-an síwájú rẹ̀, ó dára, àmọ́ bí ẹ bá gbé ìdérí sẹ́yìn díẹ̀ tàbí tí ẹ bá nà sórí bẹ́ẹ̀dì, àwọ̀ á ṣá, dúdú á di eérú, àwòrán á máa yí padà láti òkè dé ìsàlẹ̀. IPS kò ní wàhálà yẹn. Ẹni mẹ́ta lè jókòó tì í, kí gbogbo wọn rí ohun kan náà. OLED ló rẹwà jù nínú wọn, nítorí pixel kọ̀ọ̀kan ló ń tan ìmọ́lẹ̀ ara rẹ̀, èyí tó bá sì yẹ kó dúdú á kú pátápátá. Àléébù rẹ̀ ni pé ohun tó bá dúró lójú kan fún oṣù gbọọrọ, bíi ìlà bọ́tìnnì tó wà nísàlẹ̀ Windows, lè fi òjìji sílẹ̀ lára rẹ̀. Bákan náà, bí a bá dín ìmọ́lẹ̀ ọ̀pọ̀ OLED kù, ó máa ń ṣẹ́jú lọ́nà tí ojú kò rí ṣùgbọ́n tó ń fún àwọn kan ní orí fífọ́.

Ẹ fi èyí sọ́kàn dáadáa: Full HD kì í ṣe orúkọ mìíràn fún IPS. HP máa ń kọ SVA sínú ìwé àlàyé rẹ̀ fún ẹ̀yà tó jọ TN, á sì kọ UWVA fún èyí tó jọ IPS. EliteBook 840 G3, tó pọ̀ nínú àwọn tòkunbọ̀, ní Full HD tó jẹ́ SVA. Ẹni tó rà á nítorí pé ó gbọ́ "Full HD" lè délé kó máa ṣe kàyéfì ohun tó fà á tí àwọ̀ fi ń sá bó bá yí orí díẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ ló kàn. Nits ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Laptop olówó pọ́ọ́kú sábà máa ń wà láàárín 220 sí 250. Nínú yàrá tí gílóòbù ń tàn, ìyẹn tó. Ṣùgbọ́n ẹ mọ bí ọjọ́ wa ṣe ń rí: NẸ́PÀ á mú iná lọ, fáànù á dúró, ooru á lé èèyàn lọ sẹ́bàá fèrèsé tàbí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Níbẹ̀, 250 á ṣókùnkùn mọ́ yín lójú. 300 ṣeé lò lẹ́bàá fèrèsé, 400 sókè ló ṣeé gbé jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́sàn-án. Ẹ tún wo bóyá ojú náà ń dán bíi dígí. Èyí tó ń dán máa ń gbé àwọ̀ yọ, àmọ́ ẹ ó máa rí ojú ara yín àti fèrèsé tó wà lẹ́yìn yín nínú rẹ̀. Bí nits méjì bá dọ́gba, èyí tí kì í dán ni mo máa mú.

Ní ti àwọ̀, ìwé àlàyé lè kọ 45% NTSC tàbí 72% NTSC, ìyẹn bí àwọ̀ tí ojú náà lè gbé yọ ṣe pọ̀ tó. Èyí kejì súnmọ́ ohun tí àwọn mìíràn ń pè ní 100% sRGB. Akọ̀wé kò nílò ju 45% lọ. Àmọ́ ẹni tó ń ya káàdì ìgbéyàwó tàbí báńà, 45% á dà á láàmú. Àwọ̀ wáìnì tí ìdílé ìyàwó yàn fún aṣọ ẹbí á rí bí obì tó ti gbẹ, ayàwòrán á sì máa fi pupa kún un títí tí ohun tó jáde láti ilé ìtẹ̀wé á fi máa ta èèyàn lójú.

Ohun kan wà tí ọlọ́jà kì í sábà sọ, ìyẹn ìrísí. Ojú laptop tó wọ́pọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ jẹ́ 16:9, ìyẹn ìbú 16 sí òró 9, ó fẹ̀ ṣùgbọ́n ó kúrú, torí fíìmù ló bá mu. Àwọn tuntun ń padà sí 16:10, tó ga díẹ̀ sí i, tó sì dára fún ìwé. Ojú 13.3 tó jẹ́ 16:10 ga ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 17.9, ojú 14 tó jẹ́ 16:9 kò ju 17.4 lọ. Èyí tí íńṣì rẹ̀ kéré ló ga jù! Fún ẹni tó ń ka ìwé láti òkè sísàlẹ̀, gíga yẹn ni ìlà ọ̀rọ̀ tó máa rí láìyí máòsì.

Èyí tó kẹ́yìn ni ìnira: bó ṣe wúwo tó, bó ṣe ń mu bátìrì tó, àti iye tí yóò náni bó bá fọ́. Ojú tó fẹ̀ ń fẹ́ iná tó pọ̀ láti tàn án. Ní ti àtúnṣe, ojú 14 àti 15.6 oní-Full HD ló rọrùn jù láti rí, nítorí àìmọye laptop ló ń lo irú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lo ẹnu wáyà oní-30 pin, ìyẹn eyín tíntìntín inú ẹnu náà, àwọn aláfọwọ́tẹ̀ àti àwọn tí wọ́n ṣe fún géèmù sì sábà máa ń lo 40 pin. Ẹ máa ka pin kí ẹ tó san owó ojú tuntun.

12.5 íńṣì

ThinkPad X270 àti EliteBook 820 wà lára àwọn tòkunbọ̀ kéékèèké tí ẹ ó máa rí. Wọn kì í wúwo tó kílò kan ààbọ̀, wọ́n ń wọ inú báàgì obìnrin, owó wọn sì sábà máa ń rọ̀ ju ti oní-14 lọ. Lójú HD, lẹ́tà wọn ṣì ki, 125 nínú íńṣì kan, ṣùgbọ́n ìlà 768 ní òró kò gba nǹkan púpọ̀: bí ẹ bá ṣí Word, bọ́tìnnì òkè àti ti ìsàlẹ̀ á jẹ apá kan, ìyókù á dà bí ẹni ń yọjú láti ihò kọ́kọ́rọ́. Full HD lójú 12.5 jẹ́ 176, ó mọ́ kedere, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ fẹ lẹ́tà sí 150% kí ojú tó lè gbà á.

Akọ̀ròyìn tó ń fò látinú bọ́ọ̀sì kan sí ìkejì ló bá mu, àti ẹni tó ti ní kọ̀ǹpútà ńlá sílé. Mi ò ní pẹ́ lórí 11.6: fún ọmọ kékeré tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ọ́, ó dára.

13.3 íńṣì

Ẹ̀ka yìí ni ojú tó rẹwà jù àti ẹ̀tàn tó jinlẹ̀ jù ti pàdé. MacBook Air M1 tó jáde ní 2020 ní 2560 ní ìbú àti 1600 ní òró, ìyẹn 227 nínú íńṣì kan, pẹ̀lú 400 nits, gbogbo ìwọ̀n rẹ̀ kò sì ju kílò 1.29 lọ. Mo ti ka ojú ìwé ọgọ́rùn-ún lórí irú rẹ̀, mi ò sì rí àmì kan tó sá pamọ́. Ìrísí rẹ̀ jẹ́ 16:10, àwọ̀ rẹ̀ péye, bátìrì rẹ̀ sì ń pẹ́. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń dán bíi dígí, bí ojú rẹ̀ bá sì fọ́, odindi ìdérí ni wọ́n sábà máa ń pààrọ̀. Owó yẹn lè tó èyí tí èèyàn fi ń ra laptop mìíràn.

Ẹ̀tàn ibẹ̀ ni MacBook Air àtijọ́. Títí di ti 2017, ojú 13.3 wọn jẹ́ 1440 sí 900, ó sì jẹ́ TN, 128 péré nínú íńṣì kan. Ojú tó mọ́ kedere tí Apple ń pè ní Retina kò dé ara MacBook Air títí di 2018. Láti òkèèrè, méjèèjì jọra, àmì èso tí wọ́n ti bù jẹ náà sì wà lẹ́yìn àwọn méjèèjì, nítorí náà ẹ bèèrè ọdún kí ẹ tó bèèrè owó.

Bí Mac kò bá sí nínú ètò yín, EliteBook 830 G5 àti Latitude 7390 ní 13.3 oní-Full HD. Wọ́n fúyẹ́, lẹ́tà wọn ki. Ohun tí mo ń bá wọn jà lé lórí ni pé 16:9 ni wọ́n, òró wọn kò ju sẹ̀ǹtímítà 16.6 lọ. Bí ẹ bá fẹ́ ṣí ìwé méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kan fún èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kan fún ìtumọ̀ rẹ̀, ojú yín á rẹ̀.

14 íńṣì

Bí ẹnì kan bá pè mí lórí fóònù láti ọjà, tí kò sì sí àyè láti ṣàlàyé púpọ̀, 14 oní-Full HD tó jẹ́ IPS ni mo máa ń sọ pé kó mú. ThinkPad T480, Latitude 7490 àti EliteBook 840 G5 ni àwọn tó pọ̀ lọ́jà tòkunbọ̀. Wọ́n súnmọ́ kílò kan ààbọ̀, ó lè dín tàbí kó lé díẹ̀. Lẹ́tà wọn jẹ́ 157 nínú íńṣì kan, ojú wọn ṣeé pààrọ̀ láìta ilẹ̀, ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ìlú kékeré náà sì lè rí i rà.

Ṣùgbọ́n orúkọ laptop nìkan kò tó. T480 kan náà jáde pẹ̀lú ojú mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: HD tó jẹ́ TN, Full HD tó jẹ́ IPS, àti èyí tó ga jù, 2560 sí 1440. Laptop mẹ́ta lè tò sórí tábìlì kan, ìdérí wọn bára mu, owó wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, kí ọ̀kan máa fi àmì pamọ́, kí èkejì máa tò ó bí ìlẹ̀kẹ̀. Ọlọ́jà lè máà mọ̀ pàápàá. Ẹ ó mọ̀ ọ́n bí ẹ bá lọ sí Settings, ẹ tẹ System, ẹ tẹ Display, kí ẹ wo iye tí wọ́n kọ síwájú Display resolution. Ní ti IPS tàbí TN, ìdérí lẹ máa fi mọ̀ ọ́n, mo ń bọ̀ lórí ìyẹn.

Ohun kejì ni Sure View. HP ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2016, wọ́n fi sára àwọn EliteBook kan kí ẹni tó jókòó nítòsí nínú ọkọ̀ òfúrufú má bàa ka àṣírí ilé iṣẹ́. Bọ́tìnnì kan ló ń tan án, tó sì ń pa á. Ohun tó dára fún ọ̀gá báńkì kò dára fún akọ̀wé: kódà bí ẹ bá pa á, ẹ̀gbẹ́ ojú náà ṣì máa ń ṣú díẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ kì í sì í mọ́ bíi ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò ní in. Nínú àwọn 840 G5 tòkunbọ̀, irú rẹ̀ wà. Ẹ yí orí sí ẹ̀gbẹ́. Bí ó bá ṣú gidigidi, ẹ bèèrè òmíràn.

Bí owó yín bá gbé e, ẹ wá 14 tó jẹ́ 16:10. ThinkPad T14 Gen 3 àti EliteBook 840 G9, àwọn méjèèjì ti 2022, ní 1920 sí 1200. Ìlà 120 tó lé yẹn dà bí ohun kékeré lórí ìwé, àmọ́ nínú Word, ìlà ọ̀rọ̀ mélòó kan ni. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tí mo lo irú rẹ̀, inú mi kò dùn sí èyí tó wà nílé mọ́.

15.6 íńṣì

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń ná owó sí, ibí náà sì ni wọ́n ti ń kábàámọ̀. Àwọn laptop tuntun olówó pọ́ọ́kú bíi HP 15, Inspiron 15 àti IdeaPad máa ń jáde ní oríṣiríṣi, àwọn kan nínú wọn sì ní ojú HD tó jẹ́ TN. Páálí rẹ̀ ń dán, ó ń rùn bí nǹkan tuntun, àmọ́ 100 ni pixel rẹ̀ nínú íńṣì kan. Pixel kan níbẹ̀ fẹ̀ ní ìdá mẹ́rin mìlímítà kan. Ojú tó dá lè kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Irú ojú yìí ló wà lára tòkunbọ̀ tí mo rà. Ẹni tó ta á fún mi kò parọ́, mi ò bèèrè ni.

Bí 15.6 bá jẹ́ Full HD àti IPS, ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá. 141 nínú íńṣì kan tó fún ìwé kíkà. Lẹ́tà rẹ̀ á tóbi ju ti 14 lọ láìjẹ́ pé ẹ fẹ ohunkóhun, ìdí nìyẹn tí Windows fi sábà máa ń dábàá 125% fún un nígbà tó ń dábàá 150% fún oní-14. Ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún á gbádùn rẹ̀. Ìwé Excel tó ní òpó púpọ̀ á fẹ̀ sílẹ̀ dáadáa, àwọn bọ́tìnnì nọ́ńbà tó sábà máa ń wà lọ́wọ́ ọ̀tún yóò sì mú kí iṣẹ́ oníṣirò owó yá. Àmọ́ àwọn bọ́tìnnì yẹn kan náà ló ń ti ọwọ́ ẹni tó ń tẹ̀wé sí apá òsì, kí ọrùn máa yí díẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Èjìká mi kò gbà á.

Ó wúwo: ọ̀pọ̀ wà láàárín kílò 1.7 sí 2.2, ṣájà kò sí níbẹ̀. Ẹni tó ń wọ dáńfó láti Ọ̀jọ́ta lọ sí Ọbáléndé á mọ̀ ọ́n lára.

Àwọn oní-15.6 tí wọ́n ṣe fún géèmù máa ń ní 144 Hz, ìyẹn ni pé àwòrán ń yí padà ní ìgbà 144 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan dípò 60. Fún géèmù, ó dára. Fún ìwé kíkà, ẹ má fi owó kún owó nítorí rẹ̀.

16 íńṣì

Ẹ má rò pé ìyàtọ̀ 0.4 kò tó nǹkan. Ojú 16 tó jẹ́ 16:10 fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 34.5, gẹ́gẹ́ bíi ti 15.6, ṣùgbọ́n ó ga ní 21.5 níbi tí 15.6 ti dúró sí 19.4. Sẹ̀ǹtímítà méjì gbáko! Ìwé méjì lè jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lójú rẹ̀ kí méjèèjì ṣeé kà. Èyí tó jẹ́ 1920 sí 1200, bíi ti ThinkPad T16, ní 141 nínú íńṣì kan. Èyí tó jẹ́ 2560 sí 1600 ní 189, ó sì dára púpọ̀. Ohun tó dí mi lọ́wọ́ ni owó, torí wọn kò tíì pẹ́ lọ́jà tó láti rọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta tòkunbọ̀. Ojú wọn tó bá fọ́ náà kò tíì pọ̀ nílẹ̀ bíi ti 15.6.

17.3 íńṣì

Fún ẹni tí kì í gbé e kúrò lórí tábìlì nìkan ni. Èyí tó jẹ́ 1600 sí 900 ní 106 nínú íńṣì kan, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi sílẹ̀. Full HD rẹ̀ jẹ́ 127. Ọ̀pọ̀ wọn lé ní kílò méjì ààbọ̀, wọ́n sì ń mu bátìrì bí ìgbà tí èèyàn ń da omi sínú ajere. LG Gram 17 yàtọ̀: kò wúwo tó kílò kan ààbọ̀, ó sì ní 2560 sí 1600, àmọ́ owó rẹ̀ kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni tó ń ná ọjà tòkunbọ̀.

Bí ẹ bá ń ro 17.3 torí pé ẹ fẹ́ ojú ńlá nílé, ẹ ro èyí pẹ̀lú: laptop oní-14 àti mọ́nítọ̀ tòkunbọ̀ oní-24 tí ẹ ó fi wáyà HDMI so mọ́ ọn. Full HD lójú 24 jẹ́ 92 péré nínú íńṣì kan, ó kéré sí ti 15.6 tí mo ń bẹnu àtẹ́ lù, ṣùgbọ́n ẹ ó jókòó jìnnà sí i, ẹ ó sì lè fẹ lẹ́tà títí tí àmì á fi hàn, nítorí àyè wà. Wàhálà rẹ̀ ni iná. Mọ́nítọ̀ kò ní bátìrì. Bí NẸ́PÀ bá lọ, tí kò sì sí inverter, ojú 14 lẹ ó padà sí.

Bí ẹ bá dé iwájú ọlọ́jà

Ẹ má ra ọjà òkùnkùn. Ẹ ní kó tan laptop, kí ẹ ṣí Word tàbí Notepad, kí ẹ kọ "ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀ṣọ́" ní ìwọ̀n 11, kí ẹ jókòó bí ẹ ṣe máa ń jókòó nílé. Bí laptop náà kò bá lè tẹ àmì, ẹ fi ránṣẹ́ sí ara yín lórí WhatsApp ṣáájú kí ẹ ṣí i níbẹ̀. Ẹ wo àmì ìsàlẹ̀. Ṣé ó dá dúró, àbí ó ti lẹ̀ mọ́ lẹ́tà?

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ìdérí sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn, kí ẹ sì wo àwọ̀. Bó bá ṣá tàbí tó yí padà, TN ni, ohunkóhun tí wọ́n lè kọ sí ìdí rẹ̀. Bí ẹ ti ń gbé e lọ gbé e bọ̀ yẹn, ẹ ṣọ́ ọ bóyá ó ń ṣẹ́jú. Wáyà inú ìdérí tó ti fẹ́ já ló máa ń fà á. Ẹ ṣí àwòrán funfun kí ẹ wá àbàwọ́n, ẹ ṣí dúdú kí ẹ wo bóyá ìmọ́lẹ̀ ń jò láti etí, ẹ ṣí pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù kí ẹ wá pixel tó ti kú. Ẹ gbé e dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, níbi tí oòrùn wà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kánjú yín níbẹ̀.

Laptop tí ojú rẹ̀ ti fọ́ rí náà wà, tí wọ́n ti fi HD rọ́pò Full HD tó bá a wá. Display resolution á tú u fó.

Ta ni kó mú èwo?

Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó ń gbé e lọ gbé e bọ̀: 14 Full HD tó jẹ́ IPS. Bí owó kò bá tó, 12.5 oní-Full HD sàn ju 15.6 oní-HD lọ, kódà bí àwọn ọ̀rẹ́ bá ń sọ pé ó kéré.

Olùtúmọ̀, olùkọ́ Yorùbá, akọ̀ròyìn, ẹnikẹ́ni tí àmì ohùn jẹ́ oúnjẹ rẹ̀: 14 tó jẹ́ 16:10, tàbí MacBook Air ti 2018 sókè bí ojú tó ń dán kò bá dí yín lọ́wọ́.

Oníṣirò owó tó ní ọ́fíìsì: 15.6 Full HD IPS, fún bọ́tìnnì nọ́ńbà rẹ̀. Bí ilé iṣẹ́ bá ń sanwó, 16.

Ayàwòrán àti ẹni tó ń gé fíìmù: ẹ má ka íńṣì tí ẹ kò bá tíì rí 100% sRGB. 13.3 tó ní in sàn ju 17.3 tí kò ní lọ. OLED náà bá yín mu, bí ẹ bá ń yí àwòrán ẹ̀yìn rẹ̀ padà lóòrèkóòrè tí ẹ sì ń pa á nígbà tí ẹ kò bá lò ó.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní London tàbí Houston tí ẹ fẹ́ fi laptop ránṣẹ́ sílé: ohun tó rọrùn láti rà níbẹ̀ lè ṣòro láti tún ṣe níbí. Ẹ yẹra fún èyí tí wọ́n fi gúlúù lẹ ojú rẹ̀ mọ́ra, bíi Surface, kí ẹ mú ThinkPad tàbí Latitude oní-14.

Fún bàbá tàbí ìyá àgbà tó fẹ́ máa ka Bíbélì tàbí ìwé ìròyìn, kó sì máa rí àwọn ọmọ-ọmọ lórí fídíò: 15.6 Full HD IPS, èyí tí kì í dán. Kí ẹ tó gbé e lé wọn lọ́wọ́, ẹ wọ Settings, System, Display, kí ẹ gbé Scale sí 150%. Ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ ní kí wọ́n ka ẹsẹ kan sókè. Bí wọ́n bá ṣì ń na ọrùn síwájú láti rí i, ẹ gbé e sí 175%.